Ìwádìí Ummulkhair àti Kànga Bàbá Mùtíù

Àìkú, 22 Júùnù 2025

Kí n tó kọ ohunkóhun, kí n ka àwọn tí Ọlọ́run fi kún wa. Nurat, àbígbẹ̀yìn mi, bí ọkùnrin lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá. Àbdùlláhì ni wọ́n sọ ọ́, orí rẹ̀ tóbi bíi ti bàbá mi. Ọ̀dọ̀ mi níbí ni ìyá àti ọmọ wà títí ara yóò fi le. Mùízz ọmọ mi gbé ìyàwó ní Ifọ̀. Àjíbíkẹ́ ni orúkọ ìyàwó, ó mọ ènìyàn kí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ iyọ̀. Ummulkhair, ọmọ Mùtíù àkọ́bí mi, kò bímọ, kò sì lọ́kọ, ṣùgbọ́n ohun tí òun ṣe ló mú mi ra ìwé yìí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Ifọ̀ mú ọmọ mẹ́fà péré nínú gbogbo ọlọ́dún kejì pé kí wọ́n wá ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn olùkọ́ àgbà. Olùkọ́ kan, ọmọ kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Mẹ́ńtọ̀ ni wọ́n ń pe irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá yanjú, orúkọ Ummulkhair yóò wọ inú ìwé tí mẹ́ńtọ̀ rẹ̀ máa tẹ̀ jáde, mẹ́ńtọ̀ yóò sì kọ lẹ́tà tí yóò fi wọ yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà. Èmi ìyá bàbá rẹ̀ pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin kí n tó mọ bí a ti ń kọ "kànga".

Omi kànga sì ni iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Kànga méjìlá, mẹ́fà ní Mowé, mẹ́fà ní òpópónà wa ní Ìbàfò. Kànga ọkọ mi wà nínú rẹ̀!

Tíṣà Zubair tó ń kọ́ wa ní kíláàsì àgbà sọ fún mi pé, "Ìyá, ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Ohun tí kò bá ní déètì, àròsọ ni." Mo ti gbọ́. Déètì rèé lókè.

Ọjọ́bọ̀, 26 Júùnù

Fọ́ọ̀mù kan wà tí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lójú mẹ́ńtọ̀. Mùtíù wà ní Kánò, ó di ọwọ́ mi. A kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ìbàfò sí Bẹ́gà, Bẹ́gà sí Sángo, Sángo sí Ifọ̀. Owó ọkọ̀ tí à ń san báyìí, ká ní mo rí i nígbà tí mo ń ta kẹrosíìnì ni, n bá ti ra gálọ́ọ̀nù méjì.

Akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń jẹ ẹ̀pà. "Ẹ jókòó, Màmá, wọ́n ń bọ̀." A jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára. "Wọn ò bọ̀ mọ́ o. Wọ́n lọ sí mítìǹ ní Abẹ́òkúta."

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti mọ̀ látàárọ̀ ni?"

Ó ní, "Màmá, bí mo bá sọ fún yín láàárọ̀, àárọ̀ ni inú á ti bí yín."

Ajé, 30 Júùnù

A padà lọ. Mẹ́ńtọ̀ wà lórí ìjókòó. Obìnrin ni, Dọ́kítà Kòfowórọlá. Ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékeléke, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ tó ti ń lọ. Kò kí ènìyàn tán tó fi ń wo aago.

Akọ̀wé ẹlẹ́pà ti páàdì tàdáwà sí iwájú mi kí n tẹ̀ka. Mo ní kí ó gbé e padà, kí ó fún mi ní bírò. Mo kọ Ròkíátù, mo sì fi gbogbo àmì orí rẹ̀ sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ lóòótọ́. Dọ́kítà wo aago lẹ́ẹ̀mejì kí n tó parí.

Ó wá ní, "Màmá, gbogbo Ọjọ́rú la ó máa gba omi ní kànga yín. Ẹ má ṣe wàhálà kankan o. Ẹ má ṣe nǹkan kan rárá."

Mo ní ó ṣeun. Àlejò wo ló ń bọ̀ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí àwọn àna Nurat ń bọ̀ wá mọ̀ wá, àwọn náà ní ká má ṣe wàhálà. Ká ní a gbọ́ tiwọn, orí omi lásán ni wọn ì bá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lé.

Ìṣẹ́gun, 8 Júláì

Ọ̀la ni wọ́n máa wá gba omi. Mo gbá àgbàlá, mo fi kànìnkànìn fọ ẹnu kànga títí ohun tí ọkọ mi kọ síbẹ̀ fi yọ: LÁSÚNKÀNMÍ 1991. Ìka rẹ̀ ló fi kọ ọ́ kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ. Nígbà yẹn kò sí ilé kan láàárín wa àti ọ̀nà márosẹ̀. Gbogbo ẹni tó kọ́lé sí àdúgbò yìí, omi Bàbá Mùtíù ni wọ́n fi po yẹ̀pẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, bí òjò bá ti rọ̀, omi náà á pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Òjò rọ̀ lánàá. Mo yọjú wò ó, ojú tì mí. Ṣé èyí ni wọ́n máa gbé lọ sí Ifọ̀ lọ wò nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n á ní ilé tí Ummulkhair ti wá nìyí?

Mo ra álọ́ọ̀mù, mo gún un, ó kún ìkúùkù mi méjì. Mo dà á sí kànga ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí a tó kírun Màgàríbì, omi ti mọ́ débi pé mo rí gèlè orí mi nínú rẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá Folúkẹ́ ní òdìkejì títì. Òun kò rí álọ́ọ̀mù rà, ó da bílíìṣì ìgò kan sí tirẹ̀ ní aago márùn-ún. Bàbá Ògúnkànmí, alága àwọn onílé, da ìgò méjì, ó sì lọ ń kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́ta yòókù, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá dójú ti òpópónà yóò san owó ìtanràn. Kànga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wẹ̀ de àlejò.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Dọ́kítà fúnra rẹ̀ bá Ummulkhair wá. Ọmọ mi wọ ìbọ̀wọ́ funfun bíi nọ́ọ̀sì, ó sọ kórobá sínú kànga, ó rọ omi sínú ìgò, ó kọ aago àti déètì sára rẹ̀, ó tì í sínú kúlà oníyìnyín. Kò sí ọmọdé àdúgbò tí kò wá wòran.

Dọ́kítà tẹjú mọ́ omi náà títí. Ó ní, "Omi yìí mà mọ́ o, Màmá." Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ni.

Mo ti se iṣu, mo ti din ẹyin. Kò jẹ. Ó ní òun ń lọ sí Mowé. Lékeléke kì í jẹ iṣu, mo gbàgbé.

Ìṣẹ́gun, 15 Júláì

Álọ́ọ̀mù, ìkúùkù kan ààbọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Álọ́ọ̀mù ti gbówó lórí. Ìyá Folúkẹ́ da bílíìṣì tirẹ̀ ní àárọ̀.

Ọjọ́rú, 16 Júláì

Ìgò méjì fọ́ lọ́wọ́ Ummulkhair nígbà tí ọkọ̀ já sí kòtò ní Mowé. Mẹ́ńtọ̀ ní ọmọ náà ni yóò rà á. Ẹ gbọ́ mi, ṣé òun ló gbẹ́ kòtò?

Ìṣẹ́gun, 22 Júláì

Álọ́ọ̀mù, ìkúùkù méjì, aago mẹ́rin. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi pọ́n gan-an kí n tó dà á.

Ọjọ́rú, 23 Júláì

Tírélà kan ṣubú dí ọ̀nà márosẹ̀ lẹ́yìn Arepo. Láti aago mẹ́wàá títí di ọ̀sán gangan, ọmọ náà gbé kúlà sórí itan nínú ọkọ̀, yìnyín ń yọ́, omi ń dà sí i láṣọ. Kí ó tó dé Ifọ̀, aago mẹ́ta ti kọjá. Mẹ́ńtọ̀ fọwọ́ kan ìgò, ó ní ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó lọ da gbogbo rẹ̀ nù.

Ummulkhair fi fóònù pè mí, ó ń sunkún. "Màmá, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ní kí n dà nù."

Mo ní, "Ṣé o sọ fún un pé tírélà ṣubú?"

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kòkòrò inú omi ò mọ tírélà."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ohun tí ọmọ ṣe tí ó tó bẹ́ẹ̀ kò sí. À ń sunkún ebi, ó ń bi wá bóyá a ti fọ ẹnu.

Ìṣẹ́gun, 29 Júláì

Álọ́ọ̀mù, ìkúùkù kan, aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó tán nílé.

Ìṣẹ́gun, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òní kì í ṣe Ọjọ́rú, mo sì rí Ummulkhair tó wọlé pẹ̀lú báàgì aṣọ rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ kí mi. Ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

Rìsọ́ọ̀tì ti jáde. Omi Mowé ní ìdọ̀tí, bó ṣe yẹ kí ó rí nígbà òjò. Omi Ìbàfò mọ́ gaara bíi ti inú ọ̀rá, ó tiẹ̀ lé ní mẹ́ta nínú rẹ̀ tí kò ní kòkòrò kankan. Mẹ́ńtọ̀ pè é síwájú akọ̀wé, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò dé Ìbàfò. Ó rẹ̀ ọ́, o ra omi oníke lẹ́bàá ọ̀nà, o rọ ọ́ sínú ìgò mi." Ó ní ìjókòó yóò wà lórí rẹ̀ ní Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún. Bí kò bá ní àlàyé, wọn á yọ orúkọ rẹ̀, wọn á sì kọ ọ́ sí fáìlì rẹ̀ pé ó purọ́ nínú ìwádìí. Kò ní sí lẹ́tà. Kò ní sí yunifásítì.

Olè! Wọ́n pe ọmọ-ọmọ Lásúnkànmí ní olè omi! Lékeléke olójú gíláàsì. Ìyá tó bí i kò kọ́ ọ ní ìkíni, ìwé ló kọ́ ọ ní ìwọ̀sí. Kí ó tún wá sí kànga mi. Èmi ni n ó fi kórobá gbá a lórí.

Ọjọ́rú, 6 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àárọ̀ yìí ni Ummulkhair sọ èyí tó kù. Ẹ̀rọ rí álọ́ọ̀mù nínú omi kànga wa, ó rí bílíìṣì nínú ti àwọn yòókù. Mẹ́ńtọ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń ta omi ló ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè kọ̀wé mọ́ lónìí.

Jímọ̀, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo kírun tán, mo jókòó síbẹ̀. Èmi ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi da iṣẹ́ ọmọ mi rú. Wọ́n fẹ́ mọ bí omi ṣe rí, èmi sì ń fi bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí hàn wọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àgbà gan-an ló wọ́ ọ ńkọ́?

Mi ò tíì sọ fún un. Ó ń fọ abọ́, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Àìkú, 10 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo tọ Ìyá Folúkẹ́ lọ, mo rò pé òun ni yóò sọ fún mi pé kí n jẹ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá Mùtíù, ta ló rí yín? Ṣé omi lẹ́nu ni?"

"Ọmọ ni wọ́n fẹ́ lé."

"Ọmọ á rí ilé ìwé mìíràn. Ìtìjú lọ́jọ́ ogbó, níbo lẹ ti máa rí oògùn ẹ̀? Kí wọ́n wá ní gbogbo òpópónà wa ń fi bílíìṣì tan ìjọba jẹ, tí Bàbá Ògúnkànmí á ní èmi ni mo tú àṣírí?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bílíìṣì tí mo fi ń fọ jalabíà ọkọ mi ni mo mà lò. Kò tíì mọ ìdí tí aṣọ rẹ̀ ò fi funfun mọ́."

Ẹ̀rín pa mí. Lójú ọ̀nà ilé, ẹ̀rín náà di nǹkan mìíràn.

Ìṣẹ́gun, 12 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ní kíláàsì, Tíṣà ní kí oníkálukú ka ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní mo gbàgbé gíláàsì sílé. Gíláàsì wà lójú mi.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Lẹ́yìn Aláàsárì, èmi àti Ummulkhair ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Èmi ni mo da álọ́ọ̀mù sí kànga." Mo sọ ọ́ kíá, bí ẹni tu ẹ̀gún.

Ó dáwọ́ dúró. "Ẹ̀yin?"

"Èmi. Mo sì ní kí àwọn tó kù ṣe tiwọn."

"Màmá! Ṣebí wọ́n sọ fún yín pé ẹ má ṣe nǹkan kan!"

"Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà tí àgbà ń gbà á gbọ́?"

Ó dìde, ó rìn yí kànga po, ó padà wá. Mo ń retí ẹkún, ẹkún kò wá. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Wọn ò ní gbà á gbọ́. Wọ́n á ní màmá mi ń gbè mí ni. Wọ́n á bi mí: ọjọ́ wo? Aago wo? Mélòó? Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé mi. Pẹ̀lú déètì."

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

Jímọ̀, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo rántí lékeléke.

Mo mú bébà funfun, mo fẹ́ da àwọn ọjọ́ álọ́ọ̀mù kọ síbẹ̀ kí ìwé yìí lè dúró sílé. Ummulkhair ní kò ṣeé ṣe. "Wọ́n á ní àná la kọ ọ́. Ìwé yẹn gan-an ni, Màmá."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wà nínú ẹ̀."

"Irú ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ ẹyẹ."

Mo fọwọ́ kan ojú ewé ọgbọ̀njọ́ Júùnù, mo fẹ́ fà á ya. Fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ "ẹ má ṣe nǹkan kan" náà wà níbẹ̀. Bí mo bá ya èyí tí kò dára, mo ti ya èyí tó dára pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Wọn ò tíì mọ èyí tí a fi bírò kọ.

Ajé, 18 Ọ́gọ́ọ̀sì

Aago mẹ́sàn-án la dé Ifọ̀. Mo ro ẹjọ́ mi lórí ìdúró. Dọ́kítà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Màmá, ọmọ yín ni. Kò sí ìyá àgbà tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀."

Mo gbé ìwé lé tábìlì.

Ó kà á láti ojú ewé kìíní. Mi ò rí ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ń ka ojú ewé bí ó ti ń ṣí i, mo sì mọ ibi tó dé. Ó dúró.

"'Ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékeléke.'" Ó gbé ojú sókè lórí gíláàsì. "Ta nìyí, Màmá?"

Ummulkhair ń wo àjà.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

Ó ń ṣí i lọ. Ọjọ́ karùn-ún Ọ́gọ́ọ̀sì. Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ kò yí padà: "'Ìyá tó bí i kò kọ́ ọ ní ìkíni.'" Ó yọ gíláàsì kúrò lójú. "Tíṣà ni ìyá mi. Ọdún tó kọjá ni wọ́n kú."

Mo kúnlẹ̀. Eékún mi dún. Ó sáré yí tábìlì po, ó di apá mi mú. "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má kó bá mi. Ta ni mo tó tí ẹ máa kúnlẹ̀ fún?"

Nígbà tí a jókòó tán, ó tún fa ìwé náà mọ́ra. Ó ní, "Ká ní àná lẹ kọ ìwé yìí láti fi gba ọmọ yín sílẹ̀, ẹ ò ní bú mi nínú ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan kì í pe onínǹkan ní lékeléke." Ó mú rúlà àti pẹ́ńsù, ó da gbogbo ọjọ́ àti aago kọ. Ó ní, "Ìkúùkù méjì yìí, mélòó ni?" Ó gbé iyọ̀ wá láti lábù, ó ní kí n fi ọwọ́ mi bù ú sórí ìwọ̀n. Mo bù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé ẹlẹ́pà ń yọjú.

Wọ́n fagi lé ìjókòó náà. Orúkọ Ummulkhair kò kúrò. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ti gbà ní Ìbàfò láti ọjọ́ yìí wá, òfo ni. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun, ó di Nòfẹ́ńbà kí ó tó lè dúró níwájú àwọn ènìyàn sọ ọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ná gbogbo owó ìgò tán, kò sí òmíràn.

Dọ́kítà ní, "Èmi náà ní ẹ̀bi. Mo ní ẹ má ṣe nǹkan kan, mi ò sọ ìdí." Èmi ló sọ ọ́ fún. Kò sọ fún Ummulkhair pé kí ó má bínú. Ó pè é ní olè lójú akọ̀wé, kò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Èyí ṣì ń dùn mí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀, bí ó bá tún fẹ́ kà á, kí ó kà á.

Kí a tó jáde ó ní, "Màmá, ẹ máa bá mi kọ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, àti iye wákàtí."

Ìṣẹ́gun, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ sí ilé márùn-ún láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kànga rẹ̀, mo sì sọ ìdí. Bàbá Ògúnkànmí ní, "Kí wọ́n wá gbé ìdọ̀tí mi lọ sí Ifọ̀?"

Mo ní, "Alága, ìdọ̀tí tẹ́ ẹ bá fi pamọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa mu ún."

Ó ní òun á rò ó. Ìyá Folúkẹ́ ń wò mí láti ojú fèrèsé, kò kí mi.

Ọjọ́rú, 20 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò, aago méjì òru sí mẹ́rin. Omi tí Ummulkhair fà pọ́n bíi tíì. Mo dúró tì í, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgò mẹ́fà péré ló kù, kànga kan, ìgò kan.

Àìkú, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò, wákàtí kan lọ́sàn-án. Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ Àbdùlláhì lẹ́nu láti àná. Nurat ní eyín ló fẹ́ hù. Ọmọ oṣù méjì ààbọ̀! Mo fún un ní omi díẹ̀ láti fi tu ú nínú, bí mo ti ṣe fún gbogbo àwọn ọmọ mi.

Ìṣẹ́gun, 26 Ọ́gọ́ọ̀sì

A gbé Àbdùlláhì lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Omi wo lẹ fún un?" Inú bí mi sí i. Mo ní omi ilé wa ni.

Ọjọ́bọ̀, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọmọ ti ń mu ọmú dáadáa. Alhamdulilahi. Kò sí òjò.

Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ummulkhair wá, bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u.

"Màmá, ṣé kí n kà á?"

"Kà á."

"Kànga keje." Tiwa ni keje. "Kòkòrò ìgbẹ́ wà nínú ẹ̀. Ó pọ̀. Òun ló burú jù nínú méjèèjìlá." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ògiri, sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun yẹn. "Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́jọ lọ sí kànga wa. Mẹ́ńtọ̀ ní ibẹ̀ ló ti ń wọlé, òjò ló ń tì í."

Mo wo orúkọ ọkọ mi lára sìmẹ́ńtì. Lásúnkànmí kò dọ̀tí. Omi kànga tó gbẹ́ mọ́ lọ́jọ́ tó gbẹ́ ẹ. Àwa tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni a gba kòtò láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí a sì ń fi álọ́ọ̀mù kun ojú rẹ̀ ní àtíkè. Ọwọ́ mi yìí, èyí tí wọ́n wọ̀n lórí ìwọ̀n ní Ifọ̀, òun ni mo fi rọ omi náà sẹ́nu Àbdùlláhì.

Mo ní, "Ṣé ó ní déètì?"

Ó ní, "Ó ní, Màmá."

Mo dà á kọ síbí: Kànga keje, ti Lásúnkànmí, 20 Ọ́gọ́ọ̀sì 2025, kò ṣeé mu.

Jímọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo so ìfami rọ̀, mo fi pákó bo ẹnu kànga. A ń ra omi mímu báyìí, èmi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọn omi lọ́wọ́ mi rí. Ìyá Folúkẹ́ wá bi mí ohun tí bébà sọ nípa tirẹ̀. Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí pèpéle wa. Bàbá Ògúnkànmí ní òun yóò pe onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí mítìǹ. Ó ti ní òun yóò pè é lọ́dún tó kọjá náà.

Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò, aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀.

Ummulkhair pè láti ilé Mùízz ní Ifọ̀. Kò sí ìgò, mẹ́ńtọ̀ sì ní bí Ọjọ́rú kẹta bá tún kọjá láìgba omi, òun kò ní lè kọ iṣẹ́ náà mọ́. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ má ṣe wàhálà o, Màmá."

Lọ́tẹ̀ yìí náà, mi ò gbọ́.

Owó kan wà tí mo ti ń tù jọ láti Ramadan. Mo ti fẹ́ fi lẹ táìsì aláwọ̀ ewé yí ẹnu kànga po, kí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú tún orúkọ ọkọ mi kọ. Orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ ní Ifọ̀, bí omi rẹ̀ tiẹ̀ burú. Mo gbé owó náà lọ bá ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ fowó ránṣẹ́ ní oríta. Mo ní kí ó san án sí àkáǹtì Àjíbíkẹ́ ìyàwó Mùízz, fún ìgò àti yìnyín Ummulkhair. Ó ní, "Ìyá, ẹ sọ iye, kí n bá yín kọ ọ́."

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ fúnra mi: ₦38,500.